Láti Jọ́ọ̀sì dé Àbújá pẹ̀lú Ìyá Àgbà: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò iṣẹ́ abẹ ẹ̀yìn

Ọjọ́ Àìkú, 11 Oṣù Kìn-ín-ní 2026

Aago mẹ́fà kò tíì lù tí a fi dé páàkì. Ọyẹ́ ọdún yìí ń jáni létè ní Jọ́ọ̀sì, èéfín ń jáde lẹ́nu gbogbo èrò. Ìjókòó mẹ́ta ni mo sanwó ẹ̀, ₦11,000 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọdún mẹ́fà tí ìyá ẹ̀ ìbá gbé lẹ́sẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ ni ẹnì kẹta wa. Ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ wọ́, kò lè jókòó pẹ́. Tó bá tó bíi wákàtí kan, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, níbi tí eegun ìhà ti yọ síta, á sì fẹ́ dùbúlẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ rìn, ẹ ra ìjókòó tiẹ̀ fún un. Èrò ọkọ̀ ò ní gbà kí ọmọ yín nà lé wọn lẹ́sẹ̀ fún wákàtí márùn-ún.

Ìyàwó mi bẹ ẹni tó ń kọ orúkọ pé kó jọ̀ọ́ wá ibi tó rọgbọ fún Ìyá Àgbà. Ọkùnrin náà sáré dìde, ó ń wá ẹni tó máa di arúgbó mú gun ọkọ̀. Ọmọ tó ń jẹ bisikíìtì ló bá níbẹ̀. Ìyá mi ti ṣaláìsí kí wọ́n tó bí i, kò sì sẹ́ni tó ń pe orúkọ inú ìwé ìbí ẹ̀ nílé wa. Bí wọ́n ṣe gbọ́ ìyẹn, gbogbo páàkì bẹ̀rẹ̀ sí í kí i: "Kaka, yaya sanyi?" (Ìyá àgbà, òtútù ńkọ́?) Òun náà dáhùn bí àgbà: "Akwai sanyi!" (Òtútù wà!)

A gba Bukuru kọjá sí Riyom. Ọyẹ́ ti bo àwọn òkúta tó gorí ara wọn níbẹ̀, ìdí wọn nìkan la rí. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Hawan Kibo, awakọ̀ wa tan iná, ó fara balẹ̀ tẹ̀lé tírélà kan títí a fi délẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ń kùn pé ó ń falẹ̀. Èmi ń ṣàdúrà fún un lábẹ́lẹ̀. Gbogbo ìgbà tí táyà bá fẹ́ bọ́ sí kòtò, ìyàwó mi á ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ìrọ̀rí, á gbé ọmọ sókè díẹ̀.

A jẹ máásà ní Akwanga, ₦100 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọbẹ̀ taushe ẹ̀ gbóná dáadáa. Kò pẹ́ tí a kúrò níbẹ̀ ni táyà ẹ̀yìn bẹ́. Sìpéà wà, afẹ́fẹ́ ò sí nínú ẹ̀. Ọmọ mọ́tò gun ọ̀kadà lọ wá fọkanáísà, a sì jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún ohun tó lé ní wákàtí kan.

Ìyá kan tó ń ta ọsàn lábẹ́ igi máńgòrò rí bí ọmọ wa ṣe ń wá ibi tó máa fẹ̀yìn tì. Ó kó ọsàn kúrò lórí ẹní tiẹ̀, ó gbọn erùpẹ̀ dànù, ó ní ká tẹ́ ẹ sílẹ̀. Ó fọwọ́ kan ibi tó yọ lẹ́yìn ọmọ, ó fi Hausa sọ fún mi pé ọmọ ẹ̀gbọ́n òun ní irú ẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbé e lọ síbì kankan. Nígbà tó dàgbà, bó bá rìn láti kànga délé, àfi kó jókòó kó mí hẹlẹ hẹlẹ kó tó lè sọ̀rọ̀. Dókítà ti sọ irú ẹ̀ fún wa tẹ́lẹ̀: bí ọ̀pá ẹ̀yìn bá ti wọ́ kọjá ààlà, inú àyà á kéré, ẹ̀dọ̀fóró ò sì ní ráyè fẹ̀. Ìyá náà bó ọsàn mẹ́rin fún Ìyá Àgbà. Kò gba owó.

Keffi kò ni wá lára. Láti Masaka wọ Mararaba ni ìyà wà. Ọjọ́ Àìkú ni o, síbẹ̀ a lo ohun tó lé ní wákàtí kan àbọ̀ ní ojú kan. Ilé ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi la wọ̀ sí, Àǹtí wa. Àmàlà àti gbẹ̀gìrì ń dúró dè wá.

Ọjọ́ Ajé, 12

Tí ẹ bá ń gbé Mararaba, tí ẹ sì fẹ́ dé ilé ìwòsàn tó wà nínú Àbújá ní aago méje, ẹ kọjá Nyanya kí aago márùn-ún àbọ̀ tó lù. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ mú ìwé kíkà dání.

Gbogbo òní, àyẹ̀wò ni. Ẹ́síréè tuntun ní ìdúró, láti ọrùn dé ìbàdí. Sikáànù ọkàn àti kíndìnrín, nítorí pé eegun ẹ̀yìn tó bá ti wọ́ láti inú oyún lè ní àléébù ọkàn tàbí ti kíndìnrín tẹ̀ lé e. Méjèèjì dára, àlùhámúdúlílàhì. MRI náà, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú ara, kí wọ́n lè rí okùn ọpọlọ tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá. Wọ́n fún un lóògùn oorun fún ìyẹn, nítorí ẹ̀rọ náà ń pariwo, ọmọdé ò sì lè dúró gbọin-in nínú ẹ̀.

Dókítà gbé ẹ́síréè sójú iná, ó fi rúlà fa ìlà kan lórí eegun tó dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ jù lókè, ó fa òmíràn nísàlẹ̀, ó wọn ibi tí wọ́n ti pàdé. Dígírì 61. Oṣù Kẹfà ọdún tó kọjá, 52 ni. Dígírì 10 ni wọ́n ti ń pè é ní scoliosis, ìyẹn ọ̀pá ẹ̀yìn tó wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Bẹ́líìtì líle tí wọ́n ń dè mọ́ ara máa ń wúlò fún ọmọ tó bá wà láàárín 25 sí 40 tó sì ń dàgbà lọ. Tó bá ti wọ 50, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ ni wọ́n máa ń sọ.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mò ń ṣe, tépù mi ló sì kọ́kọ́ sọ fún mi. Aṣọ Iléyá ni mò ń rán fún un. Mo wọn èjìká, ọ̀tún ga ju òsì lọ. Mo tún un wọn, bákan náà. Mo rán gáùn yẹn tán, mo wọ̀ ọ́ fún un, etí ìsàlẹ̀ ẹ̀ gbé sókè lápá kan bíńtín. Mo tú u, mo tún un rán. Nígbà tó tún gbé sókè lẹ́ẹ̀kejì, mo ní kó tẹ̀ síwájú kó fọwọ́ kan àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ẹ̀, kí n lè rí ẹ̀yìn aṣọ. Apá ọ̀tún ẹ̀yìn ẹ̀ ló yọ gẹ̀ẹ̀gẹ̀ lókè apá òsì. Mo wá mọ̀ lẹ́yìn náà pé bí dókítà ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò gan-an nìyẹn. Ẹ lè dán an wò nílé: kí ọmọ bọ́ aṣọ, kó pa ẹsẹ̀ pọ̀, kó tẹ̀ síwájú, kí ẹ dúró sẹ́yìn ẹ̀.

Àdúgbò sọ tiwọn. Wọ́n ní ìyá ẹ̀ pọ̀n ọ́n láìdára ní kékeré. Wọ́n ní báàgì ilé-ìwé ni. Ẹnì kan ní ọmọ òrìṣà ni, ká má fọwọ́ kàn án. Ìyàwó mi gbé gbogbo ẹ̀ wá bá dókítà, ó fẹ́ gbọ́ ti pípọ̀n yẹn lójúkojú. Dókítà ní kò sí ohun tó jọ ọ́. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ní i, ẹnikẹ́ni ò mọ ohun tó fà á. Ìyàwó mi ní kó jọ̀ọ́ tún un sọ. Ó tún un sọ.

Ọ̀rọ̀ tó le jù ni ti dídàgbà. Gbogbo ènìyàn ń sọ fún wa pé "ó máa tọ́ bó bá ń dàgbà." Irọ́ ni. Irú èyí tó ti wọ́ tó báyìí, bí ọmọ ṣe ń ga ni yóò máa wọ́ sí i. Bẹ́ẹ̀ sì ni wọn ò lè so eegun ẹ̀yìn ẹ̀ pọ̀ títí láé ní ọmọ ọdún mẹ́fà, torí àyà ẹ̀ ò ní lè ga mọ́. Ọ̀pá irin méjì ni wọ́n máa fi síbẹ̀, tí skúrù dè mọ́ eegun lókè àti nísàlẹ̀ nìkan, wọ́n á sì máa fà á gùn ní bíi oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Ó yé mi kíá: bí a ṣe ń ṣẹ́ etí aṣọ ọmọdé sínú nìyẹn, tí a ó máa tú u bó ṣe ń ga. Ohun tí kò tètè yé ìyàwó mi ni pé iṣẹ́ abẹ yìí kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Ó dákẹ́ nínú ọkọ̀ títí a fi dé Nyanya.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 13

Ẹ̀jẹ̀. Báàgì mẹ́ta ni wọ́n ní ká mú sílẹ̀. Kò pọn dandan kí ẹ̀jẹ̀ yín bá ti ọmọ mu, wọ́n á gba tiyín sílẹ̀, wọ́n á fún ọmọ ní èyí tó bá tiẹ̀ mu láti inú àpò wọn. Mo fún wọn ní ọ̀kan. Ọmọ Àǹtí wa tẹ̀ lé mi, wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n: kílò 48. Ó gbọ́dọ̀ tó 50. Ọmọkùnrin náà bínú, ó lọ mu omi ìgò méjì, ó fẹ́ padà gun ìwọ̀n. Nọ́ọ̀sì lé e.

Àwọn gìrìpá kan wà lẹ́yìn géètì tó ń ta ẹ̀jẹ̀. ₦35,000 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀. Ara mi kọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ń ta á lọ́sẹ̀ méjì méjì, kí ló kù nínú tiẹ̀?

Mo wọ takisí aláwọ̀ ewé, mo ń bá àwọn ará wa sọ̀rọ̀ lórí fóònù nípa ẹ̀jẹ̀ yìí. Awakọ̀, ọmọ Katsina, gbọ́ Yorùbá díẹ̀ nítorí pé ó ti gbé Ìlọrin rí. Ó ní, "Bàbá, mélòó ló kù?" Ó yí ọkọ̀ padà. Ó ní ẹ̀jẹ̀ àlejò ni wọ́n fi gba ìyá òun là nígbà tó bí àbúrò òun. Ó na apá, wọ́n gbà á, ó mu Mirinda, ó gba ₦2,000 owó ọkọ̀ tí a ti ná tẹ́lẹ̀, kò gba kọ́bọ̀ lé e. Ìyá olóúnjẹ kan tó ń ta ìrẹsì ní ẹ̀gbẹ́ ilé ìwòsàn ló fún wa ní ìkẹta. Ó ní òun máa ń ṣe é lọ́dọọdún.

Ọjọ́rú, 14

Ọjọ́ iṣẹ́ abẹ rèé, wọn ò ṣe é. Dókítà tó ń fún ènìyàn lóògùn oorun fi ẹ̀rọ gbọ́ àyà ẹ̀, ó ní ikọ́ ọyẹ́ wà níbẹ̀. Àyà tó ti há tẹ́lẹ̀ ò gbọdọ̀ ní ikọ́ lórí tábìlì. Ìyẹn dára, mi ò jà sí i. Ohun tó bí mi nínú ni pé láti àná alẹ́ ni ọmọ ò ti fi nǹkan kan kan ẹnu, ó sì di aago mọ́kànlá kí ẹnikẹ́ni tó wá bá wa sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè aago lọ́wọ́ wọn. Òfin tí dókítà náà fúnra ẹ̀ sọ fún mi ni pé wákàtí mẹ́fà ni fún oúnjẹ, méjì péré fún omi lásán. Ọmọ lè mu omi láàárọ̀.

Ọ̀sẹ̀ kan ni wọ́n sún un síwájú.

Ọjọ́bọ̀ 15 sí Ọjọ́ Ìṣẹ́gun 20

A jókòó sí Mararaba. Oyin àti omi gbígbóná, aṣọ tí a ta sí fèrèsé nítorí eruku. Mo kírun Jímọ̀ ní Mọ́sáláṣí Àpapọ̀, mo lọ sí ọjà Wuse ra sípù àti bọ́tìnì. Ó wọ́n ju ti Jọ́ọ̀sì lọ fíìfíì, ẹ má ra nǹkan iṣẹ́ níbẹ̀. Ẹ̀rọ Àǹtí wa ni mo fi rán gáùn mẹ́ta tó ṣí láti iwájú dé ìsàlẹ̀, kò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fa aṣọ gba orí ọmọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Nọ́ọ̀sì kan béèrè ibi tí mo ti rà á. Ẹ fi aṣọ òwú rán an, kó fẹ̀ lápá, kó má ní okùn lẹ́yìn.

Ìdánrawò kan wà tí dókítà fún wa ṣe nílé. Nígbà iṣẹ́ abẹ, ẹ̀rọ kan á máa ṣọ́ okùn ọpọlọ. Bí ẹ̀rọ bá ṣe iyèméjì, wọ́n lè jí ọmọ díẹ̀ lórí tábìlì kó mi ẹsẹ̀, kí wọ́n lè mọ̀ pé irin kò fa nǹkan kan jù, wọ́n á sì tún kùn ún lóorun. Kò ní rántí. Nítorí náà a sọ ọ́ di eré: ẹni tó bá dijú tó gbọ́ "mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ" gbọ́dọ̀ mì í kíá. Ìyá Àgbà àti àwọn ọmọ Àǹtí wa ń ṣe é láti àárọ̀ dalẹ́. Ó mú Àǹtí wa náà dijú.

Ọjọ́rú, 21

Wọ́n gbé e wọlé ní aago mẹ́jọ àbọ̀. Nọ́ọ̀sì ọmọ Ọ̀fà kan wà ní tíátà, ó ṣèlérí pé Yorùbá lòun máa fi bá a sọ̀rọ̀ tó bá jí. Ìyá ẹ̀ ló bá a wọlé títí ó fi sùn. Òun ló sọ fún mi pé ó ń ka iye iná orí àjà, ó ka mẹ́ta.

Tẹ̀bà ni wọ́n ń jẹ lábẹ́ igi tí àwa ẹbí ń jókòó sí. Mi ò jẹ. Bàbá kan láti Nasarawa, tí ọmọ ẹ̀ náà wà nínú, fún mi ní ìdajì búláńkẹ́ẹ̀tì tó tẹ́, ó ní, "Dùbúlẹ̀, ọjọ́ yìí gùn." Mo dùbúlẹ̀. Wọ́n pe mí lẹ́ẹ̀kan láti lọ ra oògùn kan tí kò sí ní fámásì wọn. Mo sáré dé ilé oògùn mẹ́ta kí n tó rí i. Ẹ mú ẹni tí ẹsẹ̀ ẹ̀ yá dání lọ́jọ́ náà, kí ó ju ẹnì kan lọ, ẹni tó ní owó nínú káàdì lọ́wọ́.

Aago méjì kọjá díẹ̀ ni dókítà jáde. Wọn ò ní láti jí i lórí tábìlì. Ìgbà tí wọ́n ń gbé e lọ sí ICU, yàrá ìtọ́jú àkànṣe, ni mo gbọ́ ohùn nọ́ọ̀sì Ọ̀fà yẹn: "Ìyá Àgbà, ẹ mi ọmọ ìka ẹsẹ̀ yín." Ọmọ náà ò ṣí ojú. Mẹ́wàá ni ọmọ ìka ẹsẹ̀, gbogbo ẹ̀ ló ń lọ tó ń bọ̀ lábẹ́ aṣọ.

Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ lórí símẹ́ńtì. A ò gbé e dìde kíákíá.

Ọjọ́bọ̀ 22 sí Ọjọ́ Ajé 26

Ọjọ́ kejì ló burú jù. Ó bì, ó ń yún un lára, ó ní a tàn án jẹ. Ó bínú sí mi, kò bínú sí ìyá ẹ̀. Wọ́n kọ́ wa bí a ṣe ń yí i: ẹni méjì, ọ̀kan di èjìká mú, èkejì ìbàdí, kí méjèèjì yí pọ̀, kí ẹ̀yìn má lọ́. Wákàtí méjì méjì, tọ̀sán tòru.

Ohun tí wọn kì í sọ fúnni ni ti ìgbọ̀nsẹ̀. Oògùn ìrora tó lágbára máa ń dí i. Ó di ọjọ́ kẹrin, inú ẹ̀ le, kò jẹun. Ìbẹ́pẹ ló ṣe é, ₦1,500 ọ̀kan ní Garki, pẹ̀lú omi púpọ̀ àti oògùn tí wọ́n fún un. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìbẹ́pẹ láti ọjọ́ kìíní tó bá ti lè jẹun.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ó jókòó ní etí bẹ́ẹ̀dì. Ọjọ́ Àìkú, ó rìn dé fèrèsé. Ọjọ́ Ajé, ó na ọwọ́ méjèèjì sí ìyá ẹ̀ pé kó pọ̀n òun. Kí ọ̀rọ̀ tó dé ẹnu ìyá ẹ̀, òun fúnra ẹ̀ ní, "Mo mọ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀." Pípọ̀n, títẹ̀ síwájú, gbígbé ẹrù, lílọ́ ara: gbogbo ẹ̀ dúró ná.

Ọjọ́bọ̀, 29

Wọ́n dá wa sílẹ̀. Mo mú tépù jáde, dókítà rẹ́rìn-ín, ó ní kí n wọ̀n. Láti ọrùn dé ìbàdí, ó fi íǹṣì kan lé díẹ̀ gùn ju ti Oṣù Kejìlá. Èjìká ṣì yàtọ̀ síra, ṣùgbọ́n mo lè fi pádì kékeré bò ó.

Ohun tí a ó máa ṣọ́: ibà, omi tó bá ń jáde lójú ọgbẹ́, ẹsẹ̀ tó bá kú tàbí tó ń ta á. Ọ̀kankan nínú wọn, ká má dúró de ọjọ́ ìpàdé. A dúró ní Mararaba di ọjọ́ tí wọ́n yẹ ojú ọgbẹ́ wò.

Ọjọ́bọ̀, 5 Oṣù Kejì

A ò wọ bọ́ọ̀sì mọ́. Àwọn ará ìlú wa ní Jọ́ọ̀sì, tí wọ́n ti dá owó fún irin ẹ̀yìn náà, tún fi ₦60,000 ránṣẹ́ pé ká háyà mọ́tò. Ìjókòó iwájú ni a dà sẹ́yìn fún un, tìmùtìmù méjì lábẹ́. Mo bẹ awakọ̀ pé kó máa dúró ní wákàtí kọ̀ọ̀kan kí ọmọ lè rìn díẹ̀: Keffi, Garaku, Akwanga, ìsàlẹ̀ Hawan Kibo. A wá ìyá ọlọ́sàn yẹn, a ò bá a níbẹ̀. Ọmọbìnrin kan ló ń bá a ṣọ́ ìsọ̀. Mo fún un ní gáùn kékeré kan pé kó bá mi fún ìyá ẹ̀, fún ọmọ-ọmọ ẹ̀ tó bá ní.

Nígbà tí a fi dé Bukuru, òtútù ti dé. Ìyá Àgbà ní kí n wọ fìlà.

Oṣù Keje la máa padà lọ fa irin gùn, ọ̀sẹ̀ kejì. Ìyẹn kéré sí ti àkọ́kọ́, ojú ọgbẹ́ ò ní gùn tó bẹ́ẹ̀, ọjọ́ tí a máa lò níbẹ̀ náà ò ní pọ̀. Ìgbà òjò ni, Hawan Kibo á máa yọ̀, nítorí náà agogo mẹ́jọ àárọ̀ ni a ó gbéra, kí ilẹ̀ lè mọ́ dáadáa. Mọ́tò kan náà la ti bá sọ̀rọ̀. Àyè èèyàn kan ṣì wà níbẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá ń gbé ọmọ lọ lọ́sẹ̀ yẹn láti Jọ́ọ̀sì, kó tètè sọ kí ààwẹ̀ tó wọlé.